Ìka Tó Ṣẹ̀ Ni Ọba Ń Gé: Ẹ Má Fi Ọ̀rọ̀ Pépà Lé Ọmọ Kúrò Níléèwé

Bí ìròyìn bá ti jáde pé ìjọba Amẹ́ríkà mú àwọn tí kò ní pépà, kíá ni àwọn èèyàn wa máa ń ya dé abẹ́ ìròyìn náà lórí Facebook àti X. “Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ta ló rán wọn níṣẹ́?” Wọn á rẹ́rìn-ín, wọn á kọjá lọ. N kò fẹ́ bá ẹnikẹ́ni jà lórí bóyá ìjọba lágbára láti dá àgbàlagbà tó gba ọ̀nà ẹ̀bùrú wọ̀lú padà sílé. Kò sí ìlú tí kì í ṣọ́ ẹnubodè rẹ̀. Ìbéèrè tèmi yàtọ̀. Ọmọ ọdún méje tí wọ́n gbé wọ bàálù, tí kò mọ ohun tó ń jẹ́ físà, ṣé ó yẹ kó jókòó sílé nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń lọ síléèwé?

Àwọn baba wa ti dáhùn ìbéèrè yìí tipẹ́: ìka tó bá ṣẹ̀ ni ọba ń gé. Ọba kì í gé ìka ọmọ nítorí pé bàbá jalè. Ohun tó yani lẹ́nu ni pé ilé-ẹjọ́ tó ga jùlọ ní Amẹ́ríkà náà dáhùn bẹ́ẹ̀ gan-an, ó sì ti lé ní ogójì ọdún. Plyler v. Doe lorúkọ ẹjọ́ náà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ka òfin á ti gbọ́ ọ rí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kàn jù, ìyẹn ìyá tó kúrò n’Ìbàdàn tó ń gbé Houston pẹ̀lú ọmọ mẹ́ta, lè máà gbọ́ ọ rí láyé rẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ sọ ọ́ lónìí.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nílùú Tyler

Lọ́dún 1975, ìpínlẹ̀ Texas ṣe òfin kan. Òfin náà ní ìjọba ìpínlẹ̀ kò ní í ná kọ́bọ̀ lórí ẹ̀kọ́ ọmọ tí kò bá wọ Amẹ́ríkà lọ́nà tó bófin mu, àti pé àwọn aláṣẹ iléèwé lè ti irú ọmọ bẹ́ẹ̀ síta bó bá wù wọ́n. Lọ́dún 1977, àwọn aláṣẹ iléèwé ní Tyler, ìlú kan ní ìlà-oòrùn Texas, ní kí òbí tí kò ní pépà máa san 1,000 dọ́là lọ́dún lórí ọmọ kọ̀ọ̀kan. Iléèwé ọ̀fẹ́ ni fún ọmọ tó kù o! Ará Mexico tó ń ṣe iṣẹ́ agbára ni àwọn òbí tí ọ̀rọ̀ yìí dé bá. Níbo ni wọ́n ti fẹ́ rí irú owó bẹ́ẹ̀ nígbà yẹn? Ẹ̀yin náà mọ̀ pé owó yẹn kì í ṣe owó iléèwé. Ilẹ̀kùn ni wọ́n fi tì.

Ìdílé mẹ́rin gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sílé-ẹjọ́. Ẹ rò ó wò: ẹni tí kò ní pépà ló gbé ìjọba lọ sílé-ẹjọ́ ìjọba. Ìdájí ni adájọ́ ní kí wọ́n wá kí ojú àwọn èèyàn má bàa pọ̀ lára wọn. Síbẹ̀, wọ́n ti kó ẹrù wọn sínú ọkọ̀ wá, nítorí wọn kò mọ̀ bóyá láti kóòtù ni wọ́n á ti kó wọn lọ sí ibodè. “Doe” tí ẹ rí nínú orúkọ ẹjọ́ náà kì í ṣe orúkọ ẹnikẹ́ni. Orúkọ ìbòjú ni, kí wọ́n má bàa dá wọn mọ̀. Plyler ni orúkọ ọ̀gá àgbà àwọn iléèwé ìlú náà. Adájọ́ tó kọ́kọ́ gbọ́ ẹjọ́ ọ̀hún ń jẹ́ William Wayne Justice, ìyẹn “Ìdájọ́ Òdodo”. Orúkọ á máa ro èèyàn lóòótọ́, torí àwọn ọmọ náà ló dá láre.

Nígbà tí ẹjọ́ náà dé ilé-ẹjọ́ tó ga jùlọ, adájọ́ márùn-ún sọ pé àwọn ọmọ ló jàre, mẹ́rin ní rárá. Ọjọ́ 15, oṣù kẹfà, ọdún 1982 ni. Adájọ́ William Brennan ló kọ ìdájọ́ náà. Ohun mẹ́ta ló dì mú nínú rẹ̀.

Àkọ́kọ́, àtúnṣe kẹrìnlá sí ìwé òfin Amẹ́ríkà, tó ti wà láti 1868, sọ pé òfin gbọ́dọ̀ dáàbò bo gbogbo èèyàn bákan náà. “Èèyàn” ló wà níbẹ̀, kì í ṣe “ọmọ onílùú”. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ti wà lórí ilẹ̀ Texas, èèyàn ni lábẹ́ òfin Texas, yálà ó ní pépà tàbí kò ní. Ìkejì, ọmọ kọ́ ló pinnu ibi tí òbí rẹ̀ máa gbé, kò sì sí ohun tó lè ṣe sí i. Kí ẹ tó nà án, ẹ sọ ẹ̀ṣẹ̀ tó dá. Ìkẹta, bí ẹ bá ti àwọn ọmọ yìí síta, wọn kò ní í torí ìyẹn kúrò nílùú. Ibẹ̀ náà ni wọ́n á dàgbà sí, láìmọ̀wé, láìmọ iṣẹ́, ìlú á sì máa gbé wọn káàkiri bí ẹni gbé àárù tí kò ní sọ̀.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. Ilé-ẹjọ́ náà kò sọ pé ẹ̀kọ́ jẹ́ ẹ̀tọ́ ìpìlẹ̀ nínú ìwé òfin Amẹ́ríkà. Ó ti sọ lọ́dún 1973, nínú ẹjọ́ mìíràn, pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tó sọ ní 1982 ni pé bí ìjọba bá ti ṣí iléèwé ọ̀fẹ́ sílẹ̀ fún gbogbo ọmọ àdúgbò, ó gbọ́dọ̀ ní ìdí gúnmọ́ kó tó fa ọ̀kan yọ láàárín wọn. Kéèyàn kàn fẹ́ ṣọ́ owó ná nìkan kò tó.

Àwọn mẹ́rin tó ní rárá náà kì í ṣe ẹni tí a lè fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Olórí àwọn adájọ́, Warren Burger, gbà pé kò bọ́gbọ́n mu láti fi ẹ̀kọ́ du ọmọ. Àtakò tirẹ̀ ni pé iṣẹ́ aṣòfin ni láti tún irú òfin bẹ́ẹ̀ ṣe, kì í ṣe iṣẹ́ adájọ́. Ọ̀rọ̀ gidi lèyí. Ṣùgbọ́n èmi wò ó báyìí: ọmọ kì í dìbò. Òbí tí kò ní pépà kì í dìbò. Ta ni aṣòfin náà máa bẹ̀rù tó fi máa tún un ṣe? Bí kóòtù kò bá ya sí ọ̀rọ̀ ẹni tí kò lóhùn nílé aṣòfin, ibo ló tún fẹ́ kí onítọ̀hún gbà?

“Owó orí onílùú” ńkọ́?

Mo mọ ohun tí àwọn kan ń sọ lọ́kàn báyìí: “Owó orí onílùú ni wọ́n fi ń kọ́ ọmọ àlejò lẹ́kọ̀ọ́.” Ó dáa, ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ìjọba ìpínlẹ̀ Texas kì í yọ owó orí nínú owó oṣù ẹnikẹ́ni. Owó orí ilé àti ilẹ̀ ló ń gbé iléèwé ró jù níbẹ̀, pẹ̀lú owó tí wọ́n ń yọ lórí ọjà títà. Ẹni tó háyà yàrá kan, inú owó ilé tó ń san ni lánlọ́ọ̀dù ti ń san owó orí ilé náà. Ẹni tó ra bàtà fọ́mọ rẹ̀ ti san tirẹ̀ ní kanńtà. Kanńtà kì í béèrè pépà kó tó gbowó lọ́wọ́ èèyàn. Kí ló wá dé tó jẹ́ ìgbà tó bá kan àǹfààní owó náà ni wọ́n máa rántí béèrè?

Ká tiẹ̀ ní òbí náà kò san kọ́bọ̀. Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Òwe ilé wa ni, ṣùgbọ́n ó bá ìlú mu gẹ́gẹ́ bó ṣe bá ìdílé mu. Owó tí ìlú kò ná lórí tísà lónìí, ó máa ná an lọ́la lórí ọlọ́pàá àti ẹ̀wọ̀n, èlé á sì gorí rẹ̀.

Ohun tó yẹ kí òbí mọ̀

Ẹ lè ní, “Bọ̀dá, bí ẹjọ́ ti parí láti 1982, kí la tún ń sọ?” Ohun tá a ń sọ ni pé márùn-ún sí mẹ́rin ni. Adájọ́ kan ṣoṣo ló dá a yàtọ̀. Gbogbo wa la sì rí i lọ́dún 2022 bí ilé-ẹjọ́ yẹn kan náà ṣe yí Roe v. Wade padà lẹ́yìn ọdún mọ́kàndínláàádọ́ta. Lọ́dún náà ni gómìnà Texas, Greg Abbott, sọ gbangba pé òun fẹ́ kí wọ́n tún Plyler yẹ̀ wò. Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, ilé aṣòfin àgbà ìpínlẹ̀ Tennessee fọwọ́ sí àbádòfin kan tó máa jẹ́ kí iléèwé béèrè pépà lọ́wọ́ ọmọ, kó sì gbowó lọ́wọ́ ẹni tí kò bá ní. Ilé aṣòfin kejì kò gbé e dé òpin lọ́dún náà, ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn kò tíì lọ.

Ní oṣù kìíní ọdún 2025 bákan náà, ìjọba Trump fagi lé ìlànà tí kò jẹ́ kí òṣìṣẹ́ ICE kàn máa ya wọ iléèwé, ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé ìwòsàn. Ẹ̀rù mú àwọn òbí. Àwọn kan ní kí ọmọ kúkú jókòó sílé kó máa wo TikTok. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó dá ọmọ dúró sílé, ẹ gbọ́ nǹkan wọ̀nyí. Títí di àsìkò tí mò ń kọ èyí, Plyler ṣì ni òfin ní gbogbo Amẹ́ríkà.

Iléèwé lè béèrè ẹ̀rí pé àdúgbò rẹ̀ lẹ ń gbé: bíi bílù iná tàbí ìwé àdéhùn ilé. Ó lè béèrè ọjọ́ orí ọmọ, àti ìwé abẹ́rẹ́ àjẹsára. Kò lẹ́tọ̀ọ́ láti fi ọ̀rọ̀ pépà dènà ìforúkọsílẹ̀. Ìwé ọjọ́ ìbí tó wá láti Nàìjíríà kì í ṣe ìdí láti dá ọmọ padà. Bí ẹ bá rí ibi tí wọ́n ní kẹ́ ẹ kọ nọ́ńbà Social Security sí, kì í ṣe dandan. Ẹ lè fi í sílẹ̀ láìkọ nǹkan kan.

Bó bá jẹ́ pé pálọ̀ ẹ̀gbọ́n yín lẹ ṣì ń sùn torí pé owó ilé kò sí, tí orúkọ yín kò sí lórí bílù kankan, òfin kan wà fún un, McKinney-Vento, tí wọ́n ṣe ní 1987. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lẹ́tọ̀ọ́ láti bẹ̀rẹ̀ iléèwé lójú ẹsẹ̀, kí ìwé tó pé.

Òfin FERPA, tó ti wà láti 1974, ní iléèwé kò gbọ́dọ̀ fa fáìlì ọmọ lé ẹlòmíì lọ́wọ́ láìgba àṣẹ òbí, àfi láwọn ìgbà díẹ̀ bíi bí àṣẹ kóòtù bá wà. Ṣùgbọ́n àyè kan wà níbẹ̀ tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀. Iléèwé lè máa fi orúkọ, àdírẹ́ẹ̀sì àti nọ́ńbà fóònù síta gẹ́gẹ́ bí ohun tí kò ní àṣírí nínú, àyàfi bí òbí bá kọ̀wé pé òun kò fẹ́. Nítorí náà, ẹ kọ ọ́. Ìbẹ̀rẹ̀ sáà ni kẹ́ ẹ ti kọ ọ́. Bó bá sì ṣẹlẹ̀ pé òṣìṣẹ́ ìjọba dé ẹnu ọ̀nà iléèwé, kó tó wọ inú kíláàsì láìsí àyè látọ̀dọ̀ àwọn aláṣẹ, ìwé tí adájọ́ fọwọ́ sí ló yẹ kó mú dání. Ìwé tí iléeṣẹ́ tirẹ̀ fọwọ́ sí fúnra rẹ̀ kò tó.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tó jẹ́ tiwa gan-an. Nígbà ìforúkọsílẹ̀, wọ́n máa ń béèrè èdè tí ẹ ń sọ nílé. Àwọn òbí wa kan máa ń sá fún kíkọ “Yorùbá”, wọ́n á kọ “English”, torí pé wọn kò fẹ́ kí wọ́n kó ọmọ àwọn sí kíláàsì àwọn tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ìwé yẹn kì í ṣe ìdájọ́. Ìdánwò ni wọ́n á fún ọmọ. Bó bá gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa, ó kọjá. Bí kò bá tíì gbọ́ ọ tó, ìrànlọ́wọ́ tí wọ́n fẹ́ fún un, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Ẹjọ́ àwọn ọmọ Ṣáínà ní San Francisco, Lau v. Nichols, ló sọ ọ́ di dandan lọ́dún 1974. Wọ́n jà fún un kí ọmọ tiwa tó dé ibẹ̀. Ẹ má fi ìtìjú gbé e sọnù.

Fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣì ń bá ejẹ́ńtì sọ̀rọ̀ nílé, ẹ ṣọ́ra. Físà akẹ́kọ̀ọ́ F-1 kò fàyè gba ọmọ láti lọ síléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba ní Amẹ́ríkà rárá. Ní ilé ẹ̀kọ́ girama, oṣù méjìlá ni kò gbọ́dọ̀ kọjá, ẹ ó sì san gbogbo owó tí iléèwé ń ná lórí ọmọ kan. Ṣùgbọ́n ọmọ tó bá tẹ̀ lé òbí akẹ́kọ̀ọ́ lọ pẹ̀lú F-2 lè lọ síléèwé ìjọba. Ejẹ́ńtì tó bá sọ ohun mìíràn fún yín, owó yín ló ń wò.

Ìlú Ọba náà ní tiwọn. Lọ́dún 2016, wọ́n ní kí àwọn iléèwé ní England máa gba àkọsílẹ̀ ìlú tí wọ́n ti bí ọmọ àti orílẹ̀-èdè rẹ̀. Àwọn òbí àti tísà fárígá, wọ́n kọ̀ láti dáhùn, nígbà tó sì fi máa di 2018, ìjọba dá a dúró. Bí wọ́n bá lu “No recourse to public funds” sórí físà yín, iléèwé ìjọba kò sí nínú ohun tí wọ́n kà léèwọ̀ yẹn. Láti 2022 ni wọ́n tiẹ̀ ti sọ ọ́ di ìlànà ní England pé kí ọmọ irú ìdílé bẹ́ẹ̀ máa rí oúnjẹ ọ̀fẹ́ jẹ níléèwé, bí owó tó ń wọlé fún òbí kò bá pọ̀.

Àwa náà ńkọ́?

Níbi tí ọ̀rọ̀ dé yìí, ẹ jẹ́ ká yíjú sílé. Ní ọjọ́ 18, oṣù kọkànlá, ọdún 1969, ìjọba Busia ní Gánà fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì láti gbà á tàbí kí wọ́n kó jáde. Àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà, Ṣakí, Ìlọrin wà lára wọn, oníṣòwò tó ti pẹ́ ní Accra, Kumasi àti Tamale. Ogun abẹ́lé ṣì ń jà nílé nígbà náà. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí wọ́n kó wálé, Gánà ni wọ́n bí wọn sí, ibẹ̀ ni wọ́n ti mọ ABD. Wọ́n já wọn gbà kúrò níléèwé láàárín sáà, wọ́n gbé wọn dé ìlú baba wọn bí àlejò. Àwọn kan nínú wọn ṣì wà láàyè. Bí ẹ bá ní bàbá àgbà tó ń gbọ́ Twi, ẹ bi í.

Ọdún mẹ́rìnlá kò tíì pé tán tí àwa náà fi dá a padà. Oṣù kìíní 1983, ìjọba Shagari lé àjèjì tó lé ní mílíọ̀nù kan jáde, ará Gánà ló pọ̀ jù. Ọmọ wà nínú wọn pẹ̀lú. Ohun tó kù fún wa nínú ìtàn náà ni báàgì tí a ń pè ní “Ghana must go”. A fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí a fi gbàgbé pé èèyàn ló gbé e. Pàṣán tí wọ́n fi na ìyálé, ó ń bẹ lájà fún ìyàwó.

Lónìí ńkọ́? Òfin UBE ti 2004 ní kí ìjọba pèsè ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tó jẹ́ dandan fún “gbogbo ọmọ” láti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ dé JSS3. Ẹ tún un kà: gbogbo ọmọ. Kò sọ pé gbogbo ọmọ Nàìjíríà. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti 2003 náà sọ “gbogbo ọmọ”. Lọ́dún 2017, ilé-ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ l’Ábújà dá a lẹ́jọ́ pé ẹ̀tọ́ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán, èèyàn lè gba kóòtù lọ lórí rẹ̀. Lójú tèmi, bí ọ̀gá iléèwé kan bá lé ọmọ padà nítorí pé ará Kútọ̀nú tàbí Lomé ni ìyá rẹ̀, ọ̀gá náà ló rú òfin, kì í ṣe ọmọ.

Àti pé, ta tiẹ̀ ni àjèjì nínú ọ̀rọ̀ yìí? Kétu wà ní Benin, Ìmẹ̀kọ wà ní Nàìjíríà, ọmọ Oòdua sì ni àwọn méjèèjì. Àwọn Ègùn wà ní Badagry, wọ́n wà ní Porto-Novo. Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ló fa ìlà sáàárín ilé wọn ní 1889. Láti 1979 ni ECOWAS sì ti fọwọ́ sí i pé kí ará Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà máa rìn wọ ìlú ara wọn.

Síbẹ̀, ẹ wo ọ̀dọ̀ wa. Ọmọ Kútọ̀nú ọdún mọ́kànlá wà nínú ilé, ó ń fọ abọ́, ó ń gbé ọmọ ọmọ ọlọ́mọ lọ síléèwé láàárọ̀, ó sì ń dúró níta géètì. Madam rẹ̀ lè wà lára àwọn tó ń sunkún lórí WhatsApp pé wọ́n ń fi ọmọ àbúrò òun gún lára ní Dallas. A kò lè máa béèrè lọ́wọ́ Texas ohun tí a kò lè ṣe n’Íṣọlọ̀. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé wa kò fàyè gbà á rárá kí ọmọ máa ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ nílé ẹni tí kì í ṣe ẹbí rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọmọ náà bá ti wà níbẹ̀ lónìí, ohun àkọ́kọ́ tí ẹ jẹ ẹ́ ni iléèwé.

Iṣẹ́ méjì ni mo fẹ́ bẹ̀ yín. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ẹbí lókè òkun, ẹ fi ohun tẹ́ ẹ kà nípa ìforúkọsílẹ̀ ránṣẹ́ sí wọn, kí wọ́n sì wá lọ́yà bí ọ̀rọ̀ tiwọn bá lọ́jú pọ̀, torí kò sí ìdílé méjì tí ọ̀rọ̀ pépà wọn rí bákan náà. Ẹ̀yin tí ọmọ ọlọ́mọ wà nínú ilé yín, alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba wà ládùúgbò yín. Ẹ mú un lọ lọ́jọ́ Ajé kí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Bí wọ́n bá béèrè owó ìforúkọsílẹ̀, ẹ sọ fún wọn pé òfin UBE ní ìjìyà fún ẹni tó bá gbà á. Bí wọ́n bá sì béèrè ibi tó ti wá, ẹ ní ọmọ ni.